Bí Àdàkọ Àìgbàṣẹ Ṣe Ń Fi Ọjà Lé Ilé-iṣẹ́ Ńlá Lọ́wọ́

Bí olè bá kó iṣu nínú oko, ebè á ṣófo. Ètò kọ̀ǹpútà kò rí bẹ́ẹ̀: ẹni tí ó ṣe àdàkọ rẹ̀ láìgbàṣẹ kò mú ti olówó kúrò níbi tí ó wà. Ìyàtọ̀ yìí ni ó fà á tí òfò kan fi lè di èrè lọ́nà mìíràn.

Ní oṣù Èrèlé ọdún 1976, Bill Gates, ẹni ogún ọdún, kọ lẹ́tà ìta-gbangba sí àwọn tí ń lo kọ̀ǹpútà Altair ní Amẹ́ríkà. Ẹ̀sùn rẹ̀ ni pé àwọn tí ó ra BASIC tí òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ kò tó ìdá kan nínú mẹ́wàá. Ìyókù ń dà á kọ fún ara wọn. Ó pè wọ́n lólè láìfi bò. Bẹ́ẹ̀ sì ni àwọn olè wọ̀nyí ni wọ́n bá a polówó ọjà.

Ìdí ni pé bí àwọn tí ń lo ètò kan ṣe ń pọ̀ ni iye rẹ̀ ń ga. Akọ̀wé tí ó fi Word ayédèrú kọ́ṣẹ́, Word náà ni yóò mọ̀ ọ́n lò. Ilé-iṣẹ́ tí ó bá gbà á síṣẹ́, tí ó sì ń bẹ̀rù òfin, yóò sanwó ojúlówó. Ẹni tí ó pàdánù jù ni ẹni kẹta tí kò sí nínú ẹjọ́ rárá: ẹni tí ń ta irú ètò bẹ́ẹ̀ ní owó pọ́ọ́kú, tàbí àwọn tí ń fi Linux, tí Linus Torvalds bẹ̀rẹ̀ ní 1991, tọrẹ. Ta ni yóò gba ọ̀fẹ́ tí kò mọ̀, nígbà tí èyí tí ó mọ̀ ti di ọ̀fẹ́ lọ́wọ́ olè? Ní ti ilé-iṣẹ́ kékeré tí ọjà rẹ̀ kò tíì gbilẹ̀, àdàkọ lè pa á kí ó tó jèrè kankan.

Gates alára sọ ọ́ ní Yunifásítì Washington ní 1998. Nígbà tí ó ń sọ̀rọ̀ nípa Ṣáínà, ó ní bí wọn yóò bá jalè, ti Microsoft ni kí wọ́n jí. Yóò di bárakú fún wọn, ilé-iṣẹ́ òun yóò sì wá ọ̀nà àtigbowó láàárín ọdún mẹ́wàá. Ní oṣù Ọ̀wàrà 2008, ọdún kẹwàá gan-an, Microsoft bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ojú kọ̀ǹpútà tí ó ní Windows XP ayédèrú di dúdú ní Ṣáínà, ní wákàtí wákàtí. Àwọn ènìyàn bínú gidigidi. Ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà náà kò kọṣẹ́: ẹni tí ó bá fẹ́ lè dá àwòrán rẹ̀ padà, kí ó sì máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ lórí Windows.