Ìgbín ẹlẹ́yin púpọ̀ àti ìgbín ẹlẹ́yin díẹ̀

Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Adabraka ní Accra, ilẹ̀ yín lè má tó nǹkan, ṣùgbọ́n àpótí ìgbín kò ní ṣàì gba ẹ̀yìnkùlé. Kí ẹ tó ra ìgbín tí ẹ máa sìn, ẹ kọ́kọ́ mọ bó ṣe ń yé.

Achatina achatina, tí àwọn ará Ghana fẹ́ràn gan-an, tí ìkarahun rẹ̀ ní ìlà bí ara ẹkùn, lè yé ẹyin 30 sí 300 lẹ́ẹ̀kan. Ẹyin náà kéré, ọmọ inú rẹ̀ sì kéré. Oòrùn díẹ̀, ilẹ̀ gbígbẹ, èèrà: ọ̀pọ̀ wọn á ti kú. Archachatina marginata, ìgbín ńlá ilẹ̀ Yorùbá, kì í yé ju bíi 4 sí 18 lọ, ṣùgbọ́n ẹyin rẹ̀ tóbi, ọmọ rẹ̀ sì máa ń lágbára láti ọjọ́ tó bá jáde.

Ti àkọ́kọ́, ọmọ ni kí ẹ ṣọ́. Ẹ yà wọ́n sọ́tọ̀, ẹ máa wọ́n omi sí ilẹ̀ wọn, ẹ má jẹ́ kí èèrà débẹ̀. Ti ìkejì, ìyá ni kí ẹ ṣọ́. (Ìgbín jẹ́ akọ, ó tún jẹ́ abo, nítorí náà gbogbo èyí tó ti dàgbà ni ìyá.) Bí ẹ bá tà wọ́n tán nítorí owó ọdún, ọmọ tó kù máa lo bí oṣù 9 tàbí 10 kó tó yé tirẹ̀.

Àwọn tó ń ṣa ìgbín nínú igbó nígbà òjò àkọ́rọ̀ ló ń sọ igbó dòfìfo, torí àsìkò yẹn gan-an ni wọ́n ń yé. Ẹ fi àwọn ńlá sílẹ̀ kí wọ́n yé ná.