Òkè Ayédé àti Àwọn Ẹyẹ Rẹ̀

Ọ̀pọ̀lọpọ̀ nínú yín ni ó ti ń ná ọjà Ọ̀yẹ́ àti ti Ìkọ̀lé láti ọjọ́ pípẹ́, ṣùgbọ́n mélòó nínú yín ni ó ti gun ọ̀kan nínú àwọn òkè tí ẹ ń kọjá lẹ́bàá wọn? Àwa pẹ̀lú jẹ̀bi ọ̀rọ̀ yìí títí di ọjọ́ tí a bá ọdẹ àgbà kan gun òkè igbó kan tí kò jìnnà sí Ayédé.

Ìrì kò tíì gbẹ nígbà tí a gbéra. Ẹlúlùú ń ké ní ìsàlẹ̀, àparò sì ń dáhùn láti inú oko iṣu. Bí a ti wọ abẹ́ igi ńláńlá, àlùkò kan fò kọjá lórí wa. Ìgbà tí ó na apá ni a ṣẹ̀ṣẹ̀ rí pupa tí ó fi pamọ́. Àwọn onímọ̀ ti wádìí pé bàbà gan-an ni ó wà nínú àwọ̀ pupa náà.

Ní orí àpáta, ọdẹ náà nawọ́ sí ìlú, ó ní, “Ẹ̀yin ọmọ mi, ogun ni ó kó wa wá síhìn-ín.” Òtítọ́ ni. Ní àárín ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún, ogun Tápà fọ́ Iye. Èṣùbíyìí, akọni jagunjagun, kó àwọn tí ó ṣẹ́kù jọ, ó tẹ Ayédé dó ní nǹkan bí ọdún 1850, ó sì jọba níbẹ̀, a ń pè é ní Àtá. Àwọn tí ogun lé kúrò ní ìlú mìíràn sá tọ̀ ọ́ wá. Ìbẹ̀rù Tápà kò kúrò ní àríwá Èkìtì títí ogun kọ́ńpánì Òyìnbó ti Odò Ọya fi ṣẹ́gun Bídà ní oṣù January 1897.

Bí a ti ń gbọ́ èyí, àtíòro kan gbé èso sẹ́nu wọ orí ìrókò arúgbó kan. Ẹ gbọ́ ìwà ẹyẹ yìí: abo rẹ̀ a wọ inú ihò igi, a dí ẹnu ihò náà, a fi ojú tóóró kan sílẹ̀, ibẹ̀ ni akọ ti ń fún un ní oúnjẹ nígbà tí ó bá ń tọ́ ọmọ. Èyí kò ha jọ ìlú olódi ní ọjọ́ ogun? Èso tí ó bá sì jẹ, a máa gbé kóró rẹ̀ lọ sí ọ̀nà jíjìn, igbó titun a sì hù.

Ṣùgbọ́n àtíòro kò lè gbẹ́ ihò fúnra rẹ̀. Inú igi arúgbó ni ó ti ń rí i. Igi bẹ́ẹ̀ gan-an ni ayùn ń wá kiri. Bí a ti ń sọ̀ kalẹ̀, a bá kùkùté mẹ́ta tí oje wọn kò tíì gbẹ. A kò bá agégi jà: pákó ni a fi ń kọ́lé, owó rẹ̀ ni a sì fi ń rán ọmọ lọ sí ilé ẹ̀kọ́. Ṣùgbọ́n igbó tí a bá gé lórí òkè, òjò a gbá ilẹ̀ rẹ̀ lọ. Ẹ jẹ́ kí á fi igi orí òkè sílẹ̀, kí á gé ti ìsàlẹ̀, kí á sì gbin òmíràn dípò rẹ̀. Òkè tí ó gba àwọn baba wa ní ọjọ́ ogun, kò yẹ kí ẹyẹ sá dé ibẹ̀ kí ó má rí ilé.