Ṣé o mọ̀? Ìlú kan ti wà nínú kọ̀ǹpútà ní ọdún 1986

Kí Facebook tó dé rárá, àwọn ará Amẹ́ríkà kan ti ń gbé ìlú inú kọ̀ǹpútà Commodore 64. Habitat ni orúkọ ìlú náà. Ilé-iṣẹ́ Lucasfilm Games ló ṣe é. Chip Morningstar àti Randy Farmer ló ṣáájú iṣẹ́ ọ̀hún. Wáyà tẹlifóònù ni wọ́n fi ń wọ ibẹ̀ láti ilé, oníkálukú sì ní àwòrán tó dúró fún un, èyí tí wọ́n pè ní avatar.

Ọ̀rọ̀ ọjà ibẹ̀ ló dùn jù. Ẹ̀rọ kan ń ta bọ́ọ̀lù onídígí ní 18,000 tókìn (owó ìlú náà), òmíràn sì ń rà á ní 30,000! Àwọn kan rí i, wọ́n ń rà, wọ́n ń tà. Kí ilẹ̀ tó mọ́, owó ìlú ti di ìlọ́po márùn-ún. (Ta ló máa rí irú èrè bẹ́ẹ̀ tí yóò sùn?) Àwọn tó jèrè yìí kúkú fi owó náà ṣètò ìdíje fún ará ìlú.

Ilé-iṣẹ́ Fujitsu gbé Habitat dé Japan ní 1990. Nígbà tó yá, ilé-ìṣẹ̀ǹbáyé MADE ní Oakland, Amẹ́ríkà, jí i dìde.