Láti Ẹnu Ẹja Wá sí Ọwọ́

Ẹni tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìwọ̀ pẹja, ọ̀pá ló sábà máa ń kọ́kọ́ rà. Òun ló gùn, òun ló ń dán, òun náà ló sì wọ́n jù. Okùn ló máa tẹ̀ lé e, ìjẹ á wá kẹ́yìn, èyíkéyìí tí owó tó kù lọ́wọ́ bá lè rà. Ìmọ̀ràn tèmi ni pé kí a yí i padà: kí a bẹ̀rẹ̀ láti ẹnu ẹja, kí a máa bọ̀ díẹ̀díẹ̀ títí a ó fi dé ọwọ́. Ẹ̀rọ kan ṣoṣo ni ìjẹ, okùn, ọ̀pá àti ríìlì. Iṣẹ́ ọ̀kan ló ń sọ bí èkejì yóò ṣe rí, ibi tí kò bá sì lágbára tó nínú wọn ni ẹja máa gbà lọ.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo omi tí ẹja náà wà. Abúlé Òkúta, ní agbègbè Ṣómólú ní Èkó, kò jìnnà sí omi, bó tilẹ̀ jẹ́ pé èèyàn lè gbé àdúgbò náà pẹ́ kó má fi sọ́kàn. Iṣẹ́ ìtẹ̀wé ni gbogbo ayé mọ Ṣómólú mọ́. Ṣùgbọ́n tí a bá gba Bàrígà sọ̀ kalẹ̀ sí Èbúté Ìlàjẹ, ọ̀sà Èkó ló tẹ́ lọ rẹrẹ níwájú yẹn, pẹ̀lú afárá Third Mainland, èyí tí wọ́n parí ní 1990, tó gba orí omi kọjá lọ sí Erékùṣù Èkó. Ọ̀sà náà kì í dúró sójú kan. Lásìkò òjò, odò Ògùn àti àwọn odò mìíràn á ya wọ inú rẹ̀, omi á dọ̀tí, iyọ̀ á dín kù. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, omi òkun á wọlé, omi á mọ́ díẹ̀, iyọ̀ á pọ̀ sí i, àwọn ẹja òkun kan á sì bá a wọlé. Nítorí náà, kí a tó ra ohunkóhun, ó yẹ ká mọ oṣù tí a wà àti ẹja tí à ń wá.

Ẹ jẹ́ ká wo ẹnu àwọn ẹja náà. Epìyà ọ̀sà ń họ ẹrẹ̀ àti ohun ọ̀gbìn wínníwínní tó ń yọ̀ lórí igi àti òkúta jẹ. Kò sí ìdí tí yóò fi sáré lé rọ́bà. Ọ̀bọ̀kún ń rìn nísàlẹ̀ omi, ó ń fi irùngbọ̀n rẹ̀ wá edé, ìgbín omi àti kòkòrò kiri. Òórùn àti adùn ló ń tọ̀ lọ. Fún un, edé tútù tàbí ekòló dára ju ìjẹ olówó ńlá èyíkéyìí lọ, àwọn tó ń dẹ ìwọ̀ fún un kò sì nílò kí ẹnikẹ́ni wá kọ́ wọn. Kútà yàtọ̀. Ojú ló fi ń ṣọdẹ: ó dúró jẹ́ẹ́, ó rí ohun tó ń sá, ó ta mọ́ ọn. Ẹja snapper náà ń lúgọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ òpó tàbí sínú àkájà, ìyẹn ẹ̀ka igi tí àwọn apẹja rì mọ́lẹ̀ kí ẹja lè fi ṣe ibùgbé, ohun tó bá kọjá ló ń gbé. Irú ẹja báyìí, tó ń lé ẹran rẹ̀, ni wọ́n ṣe ìjẹ onírọ́bà fún.

Ẹja tí wọ́n sì kọ́kọ́ ṣe é fún kò sí nínú ọ̀sà wa rárá. Báàsì ni, ẹja omi dídùn ti Amẹ́ríkà, ẹlẹ́nu ńlá, tó ń lúgọ sínú koríko àti lábẹ́ igi tó wó sómi. Kò fi bẹ́ẹ̀ tóbi: èyí tí George Perry mú ní Georgia ní 1932, tí ẹnikẹ́ni kò tíì fi ohun tó jọjú borí rẹ̀ títí dòní, kò ju kílò 10 àti díẹ̀ lọ. Ní 1949, ní ìlú Akron ní ìpínlẹ̀ Ohio, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Nick Creme da ekòló onírọ́bà nílé ara rẹ̀, láti ìgbà náà ni òwò yẹn ti gbilẹ̀ kárí ayé. Ìdí tí èyí fi kàn wá ni pé púpọ̀ nínú ọ̀pá kéékèèké tó ń dé Èkó, báàsì ni wọ́n wọ̀n ọ́n fún. Ní Nàìjíríà, ẹja tó jọ báàsì jù ni èyí tí àwọn Hausa ń pè ní gíwán rúwá, tó wà ní Kainji àti ní Argungu, ṣùgbọ́n ìyẹn lè ju báàsì lọ ní ìlọ́po ìlọ́po. Ní 2005, èyí tó gba ipò kìíní níbi ọdún ìpẹja Argungu wọn kílò 75. Ọ̀pá báàsì kò tó o. Kútà kéékèèké àti snapper inú ọ̀sà ló bá a mu.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe ìjẹ náà rèé. PVC ni, oríṣi ike tí wọ́n fi ń ṣe páìpù omi, tí wọ́n pò mọ́ òróró kan tó ń mú un rọ̀. Wọ́n á gbé e sórí iná títí yóò fi ki, tí yóò sì mọ́ gaara, wọ́n á dà á sínú ohun tí wọ́n gbẹ́ ní àwòrán ẹja, edé tàbí ekòló. Bí òróró bá pọ̀, ìjẹ á rọ̀, á máa mì sí omi tó lọ jẹ́jẹ́ pàápàá, ṣùgbọ́n á tètè ya. Bí òróró bá kéré, á pẹ́ lórí ìwọ̀, ṣùgbọ́n á le. Àwọn kan tún máa ń po iyọ̀ mọ́ ọn kí ó lè wúwo, kí ó sì rì láìlo òjé púpọ̀. Ooru Èkó tún ń mú un rọ̀ sí i: rọ́bà tí wọ́n ṣe fún omi tútù òkè òkun á ti rọ̀ jù kó tó dé etí omi wa, nítorí náà èyí tó le díẹ̀ ni kí a mú. Kí a má sì kó o sínú ọkọ̀ tí oòrùn ń pa. Òróró inú rẹ̀ kì í dákẹ́: tí ó bá wà pẹ̀lú ìjẹ olíke líle nínú àpótí kan náà, á máa jẹ ike yẹn títí méjèèjì á fi lẹ̀ pọ̀. Èyí tó bá ya, kí a kó o délé. Kì í jẹrà nínú omi, ẹja tó bá gbé e mì kò lè dà á.

Ìrù ni ibi tí iṣẹ́ pọ̀ sí jù. Irú èyí tí ìrù rẹ̀ pẹlẹbẹ bí ẹsẹ̀ pẹ́pẹ́yẹ, bí a ti ń fà á, omi á tì í sí apá kan, rírọ̀ rẹ̀ á dá a padà, omi á tún tì í sí apá kejì. Ìgbọ̀nrìrì yẹn ń gba inú omi lọ. Ẹja ní ìlà kan ní ẹ̀gbẹ́ ara méjèèjì tó fi ń mọ irú ìgbọ̀nrìrì bẹ́ẹ̀ kí ojú rẹ̀ tó rí nǹkan kan. Fún ìdí èyí, nígbà òjò tí omi dọ̀tí, ìrù ńlá àti àwọ̀ dúdú tó hàn kedere ni kí a lò. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, èyí tó tẹ́ẹ́rẹ́ tó sì ní àwọ̀ fàdákà. Níbi tí omi bá mọ́, tí kò sí igi, kí a fi ìjẹ náà wọ ìwọ̀ olórí òjé. Níbi àkájà tàbí níbi tí ewéko bá léfòó bo ojú omi, kí a fi ẹnu ìwọ̀ pamọ́ sínú ara rọ́bà, kí ó má baà kọ́ igi. Nígbà tí ẹja bá ti eyín rẹ̀ bọ̀ ọ́ ni ẹnu ìwọ̀ á yọ síta.

Eyín kútà ló mú wa dé ọ̀rọ̀ okùn. Kò sí okùn rírọ̀ kan tí eyín yẹn kò lè gé, nítorí náà wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ tó gùn tó àtẹ́lẹwọ́ kan gbọ́dọ̀ wà láàárín ìwọ̀ àti okùn. Lẹ́yìn wáyà, oríṣi okùn mẹ́ta ló wà. Náílọ́ọ̀nù, èyí tí ilé iṣẹ́ DuPont ní Amẹ́ríkà ṣe jáde nínú ọdún 1930 sí 1939, ni gbogbo ènìyàn mọ̀. Ó máa ń fà: ó lè fi bí ìdá kan nínú márùn-ún gùn sí i kó tó já. Ìfà yẹn ń gbani lọ́wọ́ àṣìṣe, nítorí bí ẹja bá já lójijì, okùn á gbà á mọ́ra. Ṣùgbọ́n ó tún ń gbé ìròyìn mì: tí ẹja bá fọwọ́ kan ìjẹ ní ọgbọ̀n mítà, ọwọ́ lè má mọ̀. Ó ń mu omi, agbára rẹ̀ á sì dín kù díẹ̀. Oòrùn náà ń bà á jẹ́, nítorí náà èyí tó ti gbé lójú wíńdò ìsọ̀ fún ìgbà pípẹ́, kí a fi sílẹ̀ fún ẹni tó ni ín.

Ìkejì ni okùn híhun, tí wọ́n fi fọ́nrán tíntìntín ṣe. Kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ fà rárá, ó sì tẹ́ẹ́rẹ́: níbi tí náílọ́ọ̀nù tó lè gbé kílò 8 ti tó nǹkan bí 0.35 mìlímítà, okùn híhun tó lágbára bẹ́ẹ̀ lè má ju ìdajì rẹ̀ lọ. Okùn tẹ́ẹ́rẹ́ kì í bá atẹ́gùn ọ̀sà jà, ìjẹ á lọ jìnnà, gbogbo ohun tó bá kan ìwọ̀ á sì dé ìka ọwọ́. Ó ń léfòó, nítorí ó fúyẹ́ ju omi lọ díẹ̀. Àbùkù rẹ̀ ni pé ó máa ń yọ̀: tí a bá so ó lásán mọ́ ìdí ríìlì, gbogbo rẹ̀ á máa yí. Náílọ́ọ̀nù díẹ̀ ni kí a kọ́kọ́ ká mọ́ ibẹ̀. Ìkẹta ni fluorocarbon, tí ilé iṣẹ́ Kureha ní Japan mú jáde ní 1971. Wọ́n ń pariwo pé ẹja kì í rí i, òótọ́ sì ni pé ìmọ́lẹ̀ ń gba inú rẹ̀ kọjá bó ṣe ń gba inú omi ju ti náílọ́ọ̀nù lọ. Nínú omi ọ̀sà tó dọ̀tí, n kò ka ìyẹn sí nǹkan ńlá. Ohun tí mo fẹ́ràn nínú rẹ̀ ni pé ó le, ìkarahun tó lẹ̀ mọ́ òpó kì í tètè gé e. Mítà kan rẹ̀ láàárín wáyà àti okùn híhun tó.

Ibi tí okùn ti sábà máa ń já ni ojú ìdè. Nígbà tí a bá ń fa ìdè mọ́ra, okùn ń ha ara rẹ̀, ìhara yẹn ń mú ooru wá, ooru sì ń ba náílọ́ọ̀nù jẹ́. Kí a fi itọ́ tàbí omi rin ín, kí a wá fà á jẹ́jẹ́ títí yóò fi le. Tí okùn bá lọ́ wínníwínní ní ẹ̀gbẹ́ ìdè, kí a gé e, kí a tún un so.

Ó wá kan ọ̀pá. Nọ́ńbà méjì ni a máa ń rí lára rẹ̀, lókè ibi ìdìmú: agbára okùn tó yẹ ẹ́, ní páùn, àti ìwọ̀n ìjẹ tó lè jù, ní gíráàmù tàbí áúǹsì. Èkejì yìí ni kí a kọ́kọ́ wò. Tí a bá ń ju ìjẹ, ìwúwo ìjẹ ló ń tẹ ọ̀pá sẹ́yìn, nínà tí ọ̀pá sì ń na ara rẹ̀ padà ló ń ta ìjẹ lọ. Ìjẹ gíráàmù 5 kò lè tẹ ọ̀pá tí wọ́n ṣe fún 30, kò sì ní lọ jìnnà, bó ti wù kí apá le tó. Ìjẹ tó wúwo jù á sì fọ́ ọ̀pá tí kò tó o.

Nígbà tí ẹja bá wà lẹ́nu ìwọ̀, ọ̀pá ń ṣiṣẹ́ mìíràn, èyí tí púpọ̀ kò fiyè sí. Ká ní ọ̀pá gùn ní mítà 2.1, kí ọwọ́ kan wà nídìí rẹ̀, kí èkejì fi ìdá kan nínú mẹ́ta mítà jìnnà síwájú. Tí ẹja bá fi agbára kílò 1 fa orí ọ̀pá tó nà tọ̀ọ̀, ọwọ́ iwájú máa gbé nǹkan bí kílò 6. Ẹja ló wà ní apá tó gùn, kì í ṣe àwa. Bí ọ̀pá bá tẹ̀, orí rẹ̀ á yí sí ẹja, apá gígùn yẹn á kúrú, ìwọ̀n tó ń bọ̀ sọ́wọ́ á dín kù. Nítorí náà, ọ̀pá tó ń tẹ̀ láti àárín ń tu ọwọ́ lára, ó sì ń dáàbò bo okùn, pàápàá okùn híhun tí kì í fà. Èyí tó ń tẹ̀ ní orí nìkan máa ń yára fi ìwọ̀ gún ẹnu ẹja, ó sì lè wọ́ snapper kúrò nínú àkájà kó tó sá wọlé. Ẹni tó bá ń dẹ ẹ̀bá òpó, kí ó mú ìkejì; ẹni tó bá ń lé kútà ní gbangba, kí ó mú ti àkọ́kọ́. Ti kábọ́ọ̀nù fúyẹ́, ó sì ń gbé ìròyìn dáadáa, ṣùgbọ́n tó bá gbá etí ọkọ̀ ojú omi, ó lè sán láìrí ojú rẹ̀, kó wá dá lọ́jọ́ mìíràn. Fún ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́, ti fáíbà ni kí a rà.

Ríìlì ló kù, bíréèkì inú rẹ̀ sì ni ohun tó ṣe pàtàkì jù. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti jẹ́ kí okùn máa lọ kó tó já. Kí a so okùn mọ́ òṣùwọ̀n ìfàkọ́ tí wọ́n fi ń wọn ẹran, kí ẹnìkan fà á, kí a sì yí bíréèkì títí okùn á fi bẹ̀rẹ̀ sí í lọ ní ìdá kan nínú mẹ́rin agbára rẹ̀: kílò 2 fún okùn kílò 8. Ó lè dà bíi pé ó kéré. Ṣùgbọ́n bí okùn ṣe ń tán lára ríìlì, ibi tó ká mọ́ ń kéré sí i, tí ó bá sì dín sí ìdajì, agbára tó lè mú un yí á di ìlọ́po méjì láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án. Kílò 2 ti di 4 nìyẹn, nígbà tí ẹja wà lọ́nà jíjìn, tí omi náà sì ń fa okùn. Báyìí ni okùn kékeré ṣe ń borí ẹja ńlá: ní 2003, wọ́n mú ẹja òkun kan tó ń jẹ́ tarpon, tó tó kílò 130, ní Guinea-Bissau, bẹ́ẹ̀ IGFA, ẹgbẹ́ tó ń tọ́jú àkọsílẹ̀ yìí fún gbogbo ayé, kò gba okùn tó ju kílò 60 lọ.

Kí a tó san owó ọ̀pá, kí a mú òwú díẹ̀, kí a fi nu inú òrùka kọ̀ọ̀kan tí okùn ń gbà kọjá lára ọ̀pá náà yípo. Ibi tí òwú bá ti há, ó ti sán, á sì máa gé okùn híhun díẹ̀díẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí a bá jù ú.