Abẹ Kan Ò Gbọdọ̀ Sín Ènìyàn Méjì

 

Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá lónìí kò dùn ún sọ, torí èmi fúnra mi ni mo ṣe é. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, ìdílé kan wá sọ́dọ̀ mi. Ifá ní kí wọ́n sín gbẹ́rẹ́, bàbá, ìyá àti àwọn ọmọ, gbogbo wọn jẹ́ mẹ́sàn-án. Abẹ fẹ́lẹ́ kan ṣoṣo ni mo fi sín gbogbo wọn. Bí mo bá sín ẹnì kan tán, ma da ọtí sí abẹ náà, ma nù ún, ó di ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn. Bí mo ṣe bá a lọ́wọ́ bàbá mi nìyẹn.

Nígbà tó yá, ìyàwó àkọ́bí wọn fẹ́ bímọ. Ilé ìwòsàn ní kí ọkọ wá fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀. Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ ọ̀hún wò, wọ́n ní àwọn ò lè gbà á, kòkòrò hepatitis B wà nínú rẹ̀. Ọkùnrin náà wá bá mi, ó dọ̀bálẹ̀, ó ní, "Bàbá, ẹ má bínú o, ṣé kì í ṣe abẹ ọjọ́ yẹn?" Mi ò lè búra pé òun ni. Mi ò sì lè búra pé òun kọ́. Ó gbà kí n sọ ọ́ fún yín, ṣùgbọ́n mi ò ní í dárúkọ rẹ̀.

Ọmọ mi obìnrin tó jẹ́ nọ́ọ̀sì ló là mí lóye pé kì í ṣe àwa nìkan ni irú èyí bá. Àwọn ará Ṣáínà náà ní iṣẹ́ ìwòsàn tí wọ́n jogún, tó ti lé ní ẹgbẹ̀rún méjì ọdún. Abẹ́rẹ́ tín-ín-rín ni wọ́n máa ń gún sí ojú ibi tí wọ́n bá yàn lára aláìsàn, kò sí oògùn kankan nínú rẹ̀. Acupuncture ni òyìnbó ń pè é. Àwọn dókítà ò kàn fi ṣẹ̀sín, wọ́n gbé e lé òṣùwọ̀n.

Ní Jámánì, wọ́n kó ènìyàn 1,162 tí ẹ̀yìn ń dùn jọ, wọ́n pín wọn sí ọ̀nà mẹ́ta. Wọ́n gún àwọn ìkíní ní abẹ́rẹ́ síbi tó yẹ gan-an. Wọ́n gún àwọn ìkejì síbi tí kò yẹ, láì jẹ́ kó wọlé púpọ̀. Àwọn ìkẹta gba oògùn àti eré ìdárayá bí dókítà ṣe máa ń ṣe é. Ọdún 2007 ni èsì rẹ̀ jáde. Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, nínú ọgọ́rùn-ún ènìyàn, nǹkan bíi 48 ló rí ìtura nínú àwọn ìkíní, 44 nínú àwọn ìkejì, 27 péré nínú àwọn ìkẹta.

Ẹ wò ó dáadáa. Abẹ́rẹ́ ṣe ju ìtọ́jú dókítà lọ. Ṣùgbọ́n èyí tí wọ́n gún síbi tí kò yẹ fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣe bí èyí tí wọ́n gún síbi tó yẹ. A jẹ́ pé ọwọ́ oníṣègùn, àkókò tó fi jókòó ti aláìsàn, àti ìgbàgbọ́ aláìsàn náà wà nínú iṣẹ́ ọ̀hún. Èyí kò yẹ kó ya babaláwo lẹ́nu. Ẹ̀yìn dídùn nìyẹn o, kì í ṣe gbogbo àrùn.

Ewu ńkọ́? Ní Jámánì yẹn náà, wọ́n ṣọ́ ènìyàn 97,733 tí wọ́n gún. Mẹ́fà péré ni nǹkan tó le ṣe, abẹ́rẹ́ sì kan ẹ̀dọ̀fóró àwọn méjì nínú wọn. Lọ́wọ́ ẹni tó kọ́ iṣẹ́, ewu rẹ̀ kò pọ̀. Ṣùgbọ́n ní Rhode Island, ní Amẹ́ríkà, ní 1984, ènìyàn 35 ni wọ́n rí pé ó kó hepatitis B lọ́dọ̀ oníṣègùn abẹ́rẹ́ kan ṣoṣo. Ẹ̀jẹ̀ ẹnìkan tó dé ara ẹlòmíràn ló ń gbé àrùn yìí kiri. Lónìí, abẹ́rẹ́ tuntun ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ń lò fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, wọn á sì sọ ọ́ nù. Iṣẹ́ baba wọn kò tìtorí ẹ̀ parẹ́.

Ẹ jẹ́ ká padà sílé. Kòkòrò hepatitis B lè wà láàyè fún ọjọ́ méje lára abẹ tí ẹ̀jẹ̀ ti gbẹ sí. Ẹ̀dọ̀ ló ń bá jà. Ẹlòmíràn á ní ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀, ẹlòmíràn ò ní í mọ̀ rárá títí ẹ̀dọ̀ á fi bàjẹ́. Bí ọmọ ọwọ́ bá kó o, nǹkan bíi mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá ni kò ní í kúrò lára wọn. Ìwádìí ìjọba ní 2018 fi hàn pé nǹkan bí àgbàlagbà 8 nínú 100 ló ní in ní Nàìjíríà. Bí ogún ènìyàn bá tò sẹ́nu ọ̀nà yín, ẹ ṣírò ẹ̀. Ọtí tí à ń dà sí abẹ kò tó o.

Àgbà kan bi mí pé, "Ṣé èyí ò ní í ba oògùn jẹ́?" Mo ní, "Bàbá, ta ló rọ abẹ fẹ́lẹ́? Ṣé alágbẹ̀dẹ ilé wa ni?" Abẹ tí alágbẹ̀dẹ rọ ni àwọn baba wa ń lò kí ti òyìnbó tó dé. A ti pààrọ̀ abẹ nígbà kan rí, oògùn kò sì bàjẹ́. Inú ewé, egbò àti ọ̀rọ̀ ni àṣẹ wà, kò sí nínú ẹ̀jẹ̀ ẹlòmíràn.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ń sín gbẹ́rẹ́, àti ẹ̀yin olóólà:

Abẹ tuntun fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, kí ẹ já a lójú rẹ̀. Ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n o, tọkọtaya ni wọ́n o, abẹ kan ò gbọdọ̀ sín ènìyàn méjì.

Ẹ bu oògùn tẹnì kọ̀ọ̀kan sórí ewé tirẹ̀. Ìka tó ti kan ojú gbẹ́rẹ́ kò gbọdọ̀ padà sínú ìgbá oògùn. Ẹ fọ ọwọ́ yín kí ẹ tó kan ẹlòmíràn.

Ẹ kó abẹ tí ẹ ti lò sínú agolo, kí ẹ dé e, kí ọmọdé má rí i mú.

Ìmùlẹ̀ tó bá ní ẹ̀jẹ̀ nínú, ẹ jẹ́ ká jókòó sọ̀rọ̀ lé e lórí nígbà ìpàdé wa.

Ẹ lọ ṣe àyẹ̀wò nílé ìwòsàn ìjọba. Abẹ́rẹ́ àjẹsára wà fún ẹni tí kò tíì kó o, ẹ má sì fi ti ọmọ tuntun falẹ̀.

Ìyàwó ọkùnrin yẹn bímọ láyọ̀, wọ́n sì gún ọmọ náà ní abẹ́rẹ́ àjẹsára lọ́jọ́ tí wọ́n bí i. Dókítà ń ṣọ́ ẹ̀dọ̀ ọkọ. Mo ti bẹ àwọn mẹ́jọ tó kù kí wọ́n lọ yẹ ara wọn wò. Mẹ́fà ti lọ, ara wọn mọ́. Mo ṣì ń bẹ àwọn méjì yòókù. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè.

Àbọrú, àbọyè, àbọṣíṣẹ. Kí Ọ̀sanyìn jẹ́ kí oògùn wa máa jẹ́.