Bí Ariwo, Ìmọ́lẹ̀ tàbí Aṣọ Bá Ń Ni Ẹnì Kan Lára Jù Nínú Ilé Yín

Ẹ̀yin ará wa tí omi Odò Ògùn lé kúrò nílé, ẹ kú ìrọ́jú.

Níbi tí ẹ wà báyìí, bóyá nínú gbọ̀ngàn tàbí lọ́dọ̀ ẹbí, ọmọ kan tàbí àgbàlagbà kan lè máa di etí, kó máa ké, kó máa bọ́ aṣọ sọnù, tàbí kó kọ oúnjẹ tí gbogbo ènìyàn ń jẹ. Àwọn kan á ní olóríkunkun ni. Àwọn mìíràn á ní ẹ̀mí kan ló ń dà á láàmú. Lọ́pọ̀ ìgbà, ara rẹ̀ ló ń gba ariwo, ìmọ́lẹ̀, òórùn àti ìfọwọ́kàn ju bí ara tiwa ṣe ń gbà á lọ. Ó wọ́pọ̀ lára àwọn tó ní autism, ṣùgbọ́n kì í ṣe àwọn nìkan. Ẹgba, okùn àti igbe kì í wò ó sàn. Ṣe ni wọ́n máa ń dá kún un.

Ẹ dín ohun tó ń ni ín lára kù

- Ẹ wá igun kan tó jìnnà sí jẹnẹrétọ̀ àti ẹnu ọ̀nà. Ẹ fi aṣọ dúdú ta á, kí ẹ tẹ́ ẹní kan síbẹ̀. Ibi ìsinmi ni, kì í ṣe ibi ìjìyà.
- Ẹ fi omi mímọ́ ṣan aṣọ tí wọ́n fi ta yín lọ́rẹ, kí ẹ sá a sóòrùn títí òórùn inú rẹ̀ yóò fi lọ. Ẹ gé lébẹ́ẹ̀lì ọrùn rẹ̀ kúrò.
- Bí ìrẹsì láìsí ọbẹ̀ nìkan ló lè jẹ, ẹ bù ú fún un bẹ́ẹ̀. Ẹ má fi ipá bọ́ ọ.

Iṣẹ́ tó ń mú ara balẹ̀

- Iṣẹ́ tó wúwo díẹ̀: kó gbé omi ìdajì bọ́kẹ́ẹ̀tì, kó ká ẹní, kó ti bẹ́ǹṣì, kó fún aṣọ tí a fọ̀. Ẹ jẹ́ kó ṣe é fún ìṣẹ́jú 10 kí ariwo ìgbà oúnjẹ tó bẹ̀rẹ̀.
- Ọmọ kékeré: ẹ fi ọ̀já pọ̀n ọ́n, kí ẹ máa rìn jẹ́jẹ́. Bí ọ̀já ṣe gbá a mọ́ra àti ìrìn yín ń tù ú nínú. Bí ọmọ tó ti dàgbà bá fẹ́ kí a fi aṣọ wé òun, kí ojú àti ọrùn rẹ̀ wà níta, kí ẹ sì tú u bó bá ti ní ó tó.
- Ṣíṣa ẹ̀wà, bíbó ẹ̀gúsí, jíjá ẹ̀fọ́. Ẹ má fi ẹ̀wà tàbí ẹ̀gúsí sílẹ̀ fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún 3; ó lè há a lọ́fun.
- Mímí: kó fa èémí símú, kí ẹ ka 3, kó wá fẹ́ ẹ jáde bí ẹni ń fẹ́ ẹ̀kọ gbígbóná, kí ẹ ka 5.
- Ìwẹ̀, oúnjẹ, ẹní: kí wọ́n máa tẹ̀ lé ara wọn bákan náà lálaalẹ́. Ẹ sọ ohun tó kàn fún un kó tó ṣẹlẹ̀.

Bó bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í ké

Ẹ má pé lé e lórí. Kí ẹnì kan ṣoṣo tó mọ̀ dáadáa dúró tì í, kó má sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ẹ dín iná kù. Ẹ má dì í mú àfi bó bá fẹ́ ṣe ara rẹ̀ tàbí ẹlòmíràn léṣe. Ó lè pẹ́. Ẹ ní sùúrù.

Ẹ ṣọ́ra fún omi

Ọ̀pọ̀ ọmọ tó ní autism a máa rìn lọ láìsọ fún ẹnikẹ́ni, omi sì máa ń fà wọ́n mọ́ra. Ikú omi wà lára ohun tó ń pa wọ́n jù. Gọ́tà àti kòtò ṣì kún báyìí. Ẹ yan ẹni tí yóò máa ṣọ́ ọ ní wákàtí kọ̀ọ̀kan. Ẹ kọ nọ́ńbà fóònù yín sínú ẹ̀wù rẹ̀. Bí ẹ bá wá a tì, etí omi ni kí ẹ kọ́kọ́ sáré lọ.

Ìgbà tó yẹ kí ẹ lọ sí ilé ìwòsàn

Bí ìwà yìí bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lójijì, bí ara rẹ̀ bá gbóná, bí etí bá ń dùn ún, bí gìrì bá mú un, tàbí bí kò bá mu omi mọ́, ẹ má dúró.

Ẹ sọ fún wa níbi tábìlì ìforúkọsílẹ̀ bí ẹ bá ní irú ẹni bẹ́ẹ̀. A ó bá yín wá igun tó dákẹ́, a ó sì fún yín ní oúnjẹ tiyín kí èrò tó pọ̀. Kò sí ìtìjú níbẹ̀.