Dókítà ní kẹ́ ẹ máa gbé aláìsàn yín lọ sílé? Ẹ má fi í sílẹ̀ fún ìrora o!

Lọ́dún 2020 tí àrùn Kòrónà sé gbogbo wa mọ́lé, ọ̀rọ̀ òyìnbó kan di ohun tí tọmọdé tàgbà ń pè l'Ékòó, ìyẹn ni palliative. Ìrẹsì ni, gàrí ni, indomie ni. Lóṣù kẹwàá ọdún náà, àwọn èèyàn já ilé ìkẹ́rùsí wọlé ní Mazamaza, kálukú gbé àpò lórí, ó di eré. Nígbà tí ìjọba tún yọ owó ìrànwọ́ orí epo lọ́dún 2023, ọ̀rọ̀ náà tún padà dé.

Òun ló fà á tó fi jẹ́ pé bí dókítà bá pe mọ̀lẹ́bí aláìsàn sí kọ̀rọ̀ lónìí, tó ní palliative care ló kù báyìí, ẹlòmíì á máa wò ó pé ṣé ìrẹsì ni wọ́n tún fẹ́ pín ni. Ẹlòmíì á bú sẹ́kún, á ní wọ́n ti já aláìsàn òun jù sílẹ̀ nìyẹn. Kò sí èyí tó jóòótọ́ nínú méjèèjì.

Ìtọ́jú ìdẹ̀ra ni dókítà ń sọ. Ó wà fún ẹni tí jẹjẹrẹ ń bá jà, ẹni tí kíndìnrín tàbí ọkàn ẹ̀ ti dẹnu kọlẹ̀, ẹni tí rọpárọsẹ̀ dá dùbúlẹ̀, àtàwọn tí àìsàn wọn le bíi tiwọn. Iṣẹ́ ẹ̀ ni láti lé ìrora, èébì, àìróorunsùn àti ìbẹ̀rù lọ, kí ọjọ́ tó kù fún onítọ̀hún, ì báà pọ̀, ì báà kéré, má di ọjọ́ ìyà. Kò sì dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ láti máa gba ìtọ́jú mìíì lọ.

ÌYÀ TÓ WÀ LẸ́YÌN ILẸ̀KÙN

Ẹni tó bá mọ Ikate Elegushi, tó máa ń gba títì Kusenla kọjá, á mọ bí ibẹ̀ ṣe rí. Ọ̀pọ̀ tọkọtaya ló ń jáde kílẹ̀ tó mọ́ nítorí sún kẹẹrẹ fà kẹẹrẹ ọ̀nà Lekki sí Ẹ̀pẹ́, tí wọn ò ní padà wọlé títí ilẹ̀ á fi ṣú. Bí ìyá arúgbó tó ń ṣàìsàn bá wà nínú irú ilé bẹ́ẹ̀, ọmọ ọ̀dọ̀ ni yóò máa ṣọ́ ọ.

Láàárọ̀, ọmọ á yọjú sí yàrá. “Ẹ káàárọ̀ mà, ṣé ẹ sùn dáadáa?” Ìyá á ní, “Mo sùn, ọmọ mi. Máa lọ síbi iṣẹ́ rẹ.” Irọ́ ni ìyá pa. Kò fojú kan oorun mọ́jú, ṣùgbọ́n kò fẹ́ kọ́mọ náà pẹ́ dé ibi iṣẹ́. Bí gbogbo ilé ṣe ń tan ara wọn nìyẹn, tí ìrora ń jẹun lọ.

Láti ibẹ̀ dé LUTH n'Ídìí-Àràbà, níbi tí wọ́n ṣí ilé ìtọ́jú jẹjẹrẹ NSIA-LUTH sí lọ́dún 2019, kì í ṣe ìrìn kékeré. Ẹ wo ẹni tí jẹjẹrẹ ti wọnú egungun ẹ̀, tí wọ́n gbé sẹ́yìn mọ́tò, tí kòtò kọ̀ọ̀kan ń mú un ké. Ìdí nìyẹn tó fi dáa kí ìtọ́jú wá bá a nílé.

BÍ WỌ́N ṢE BẸ̀RẸ̀ Ẹ̀

Màmá òyìnbó kan, Cicely Saunders, tó ṣe nọ́ọ̀sì kó tó di dókítà, ló dá St Christopher's Hospice sílẹ̀ ní London lọ́dún 1967. Nígbà tó di 1969, àwọn nọ́ọ̀sì ibẹ̀ ti ń bá àwọn aláìsàn lọ sílé wọn. Ohun tí màmá yìí tẹnu mọ́ ni pé ìrora aláìsàn kì í ṣe ti ara nìkan. Èrò owó ilé ìwé ọmọ ń roni lára, ìjà mọ̀lẹ́bí ń roni lára, àìmọ ibi téèyàn ń lọ náà ń roni lára.

Nílẹ̀ Yorùbá níbí, Ìbàdàn ló múpò iwájú. Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọláìtán Ṣóyannwó, dókítà tó mọ̀ nípa oògùn akunnilóorun àti ìrora, wà lára àwọn tó dá Centre for Palliative Care, Nigeria sílẹ̀ lọ́dún 2005. Ìtọ́jú náà fẹsẹ̀ múlẹ̀ ní UCH, àwọn òṣìṣẹ́ sì ń ti ibẹ̀ lọ bá àwọn aláìsàn nílé wọn. Lọ́dún 2021, ìjọba àpapọ̀ gbé ìlànà jáde fún ìtọ́jú yìí káàkiri orílẹ̀-èdè.

Síbẹ̀, ọ̀nà ṣì jìn. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé lọ́dọọdún, èèyàn bíi mílíọ̀nù 56.8 ló nílò irú ìtọ́jú yìí láyé, ṣùgbọ́n nínú ọgọ́rùn-ún, bíi mẹ́rìnlá péré ló ń rí i gbà.

KÍ NI NỌ́Ọ̀SÌ Ń WÁ ṢE NÍLÉ?

Ó á kọ́kọ́ béèrè ibi tó ń dun aláìsàn, á ní kó fi ìrora náà sáàárín òdo sí mẹ́wàá. Á wẹ egbò, á wo ẹnu bóyá ó ti bó, á béèrè bóyá ó ń yàgbẹ́. Á kọ́ àwọn ará ilé bí wọ́n ṣe ń yí aláìsàn padà ní bíi wákàtí méjì méjì kí ìdùbúlẹ̀ má baà dá egbò sí i nídìí. Á bi ẹni tó ń tọ́jú ẹ̀ náà pé, “Ìwọ ńkọ́, o ti jẹun?” Tí aláìsàn bá fẹ́ rí pásítọ̀ tàbí àfáà, wọ́n á bá a ránṣẹ́ pè é. Bó bá sì kú, wọ́n á padà wá wo àwọn tó fi sílẹ̀.

MỌ́FÍÌNÌ Ò PA ÈÈYÀN BÍ WỌ́N BÁ LÒ Ó BÓ ṢE YẸ

Ohun tó ń dẹ́rù ba ọ̀pọ̀ mọ̀lẹ́bí nìyí. Wọ́n ní tó bá ti kan mọ́fíìnì, ó ti parí, tàbí pé aláìsàn á di ọ̀mùtí oògùn. Láti 1986 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ti la ọ̀nà ẹ̀ sílẹ̀: ẹ bẹ̀rẹ̀ látorí parasítámọ́ọ̀, kẹ́ ẹ máa gòkè bí ìrora ṣe ń gòkè. Ní Uganda, Anne Merriman, dókítà tó ti fìgbà kan ṣiṣẹ́ nílẹ̀ wa níbí, tó sì kú lọ́dún 2025, fi omi mọ́fíìnì inú ìgò tí kò wọ́n tọ́jú àìmọye aláìsàn nínú ilé wọn láti 1993.

Dókítà ló gbọ́dọ̀ kọ ọ́, òun náà ló gbọ́dọ̀ sọ ìwọ̀n ẹ̀. Wákàtí mẹ́rin mẹ́rin ni wọ́n sábà máa ń lo olómi yìí, kì í ṣe ìgbà tí ìrora bá dé góńgó. Ó máa ń jẹ́ kí ìgbẹ́ le, nítorí náà wọ́n máa ń fi oògùn tó ń mú ìgbẹ́ rọ̀ kún un. Ẹ tì í mọ́ inú àpótí, ẹ má sì fún ẹlòmíì lò.

OHUN TÓ YẸ KẸ́ Ẹ ṢE

Ẹ má dúró dìgbà tó bá ku ọ̀sẹ̀ kan. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá ti dárúkọ àìsàn ńlá fún yín, ẹ bi dókítà pé: ta ló ń bójú tó ìrora níbí? Ta la lè pè lóru? Ṣé ẹnì kan lè wá wò ó nílé? Ẹ kọ orúkọ àti àkókò oògùn sínú ìwé. Ẹ pín iṣẹ́ náà láàárín ara yín, kó má jẹ́ pé ìyàwó ilé tàbí ọmọbìnrin kan ṣoṣo ni yóò máa dá a ṣe. Ẹ sì bi aláìsàn fúnra ẹ̀ léèrè ohun tó ń fẹ́ nígbà tí ẹnu ẹ̀ ṣì ń sọ̀rọ̀.

Àwọn àgbà ní àìsàn là á wò, a kì í wo ikú. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ìrora náà àìsàn ni, oògùn ẹ̀ sì wà. Ẹni tó tọ́ yín dàgbà ò yẹ kó máa gé ètè jẹ lóru nítorí pé kò sẹ́ni tó béèrè.